Wọ́n Tọ́ka sí Iṣẹ́ Mi, Ta Ni Yóò Sọ fún Mi?

Púpọ̀ nínú lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí ló dá lórí ohun kan náà: báwo ni olùwádìí ṣe ń mọ̀ pé ẹlòmíràn ti lo iṣẹ́ òun? A ṣa mẹ́jọ nínú wọn. Níbi tí orúkọ bọ́tìnnì bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, a fi í sílẹ̀ bó ṣe wà lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ má baà wá a títí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Àpilẹ̀kọ mẹ́fà ni mo ti gbé jáde nínú jọ́nà. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé òun rí orúkọ mi nínú ìtọ́kasí iṣẹ́ kan tó ti jáde láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ṣé kò sí bí mo ṣe lè máa tètè gbọ́ irú rẹ̀ fúnra mi? N kò fẹ́ sanwó o. — Olùkọ́ yunifásítì

ÌDÁHÙN: Ó wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó tọ́ka sí yín kò ní í kọ̀wé sí yín, jọ́nà tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde kò sì mọ̀ yín rí. Ẹ̀rọ ló ń ka àkójọ ìwé tó wà lẹ́yìn àpilẹ̀kọ tuntun, tó ń fi ìlà kọ̀ọ̀kan wé àwọn iṣẹ́ tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí méjì bá bára mu, á so wọ́n pọ̀, á sì fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ẹni tó bá ti ní kí wọ́n máa sọ fún òun. Inú àkójọ ìwé yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti ń bàjẹ́.

Google Scholar, ẹ̀rọ ìwákiri iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé ti Google, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ "My profile", ẹ kọ orúkọ yín, ibi iṣẹ́ yín àti ímeèlì ibi iṣẹ́. Google á fi líǹkì kan ránṣẹ́ sí ímeèlì yẹn kí ẹ fi jẹ́rìí ara yín. Bí ẹ kò bá tẹ̀ ẹ́, ojú-ìwé yín kò ní í hàn sí ẹni tó bá ń wá yín. Lẹ́yìn náà ni yóò kó àwọn iṣẹ́ tó rò pé ó jẹ́ tiyín wá síwájú yín. Ẹ fara balẹ̀ níbí. Ẹni tó ń jórúkọ yín lè wà níbòmíràn, bí ẹ bá sì gba iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tiyín, ìfitónilétí rẹ̀ ni ẹ ó máa rí gbà. Yóò tún bi yín bóyá kí òun máa fi iṣẹ́ tuntun kún un fúnra òun, tàbí kí òun kọ́kọ́ fi ímeèlì bèèrè. Ẹ ní kó máa bèèrè.

Bí èyí bá ti parí, ẹ tẹ "Follow" lójú-ìwé ara yín, ẹ sì yan èyí tó ní "New citations". Ó tán. Iṣẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti wọ inú rẹ̀.

Ẹni tí kò fẹ́ ṣí ojú-ìwé lè ṣe é fún àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá àkọlé iṣẹ́ yín, ẹ tẹ "Cited by" tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ tẹ "Create alert" tó ní àwòrán àpòòwé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìṣòro kan ni pé iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì tọ́ka sí kò ní "Cited by" rárá. Fún irú èyí, ẹ mú ọ̀rọ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ tó ṣọ̀wọ́n láti inú àkọlé náà, ẹ fi wọ́n sáàárín àmì àyọlò bó ṣe tẹ̀léra, ẹ wá a, kí ẹ sì tẹ "Create alert" sórí èsì ìwádìí yẹn. Ọgbọ́n yìí wúlò ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ: ó máa ń mú ìtọ́kasí tí ẹ̀rọ kò rí so pọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ inú àpilẹ̀kọ gan-an ló ń wá.

Ẹ fi Semantic Scholar, ti Allen Institute for AI, ṣe ìkejì. Ẹ ṣí àkáǹtì, ẹ lọ sójú-ìwé àpilẹ̀kọ yín, kí ẹ tẹ "Create Alert". Bí ilé ìkàwé yín bá ń sanwó fún Scopus tàbí Web of Science, àkójọ ìtọ́kasí méjì tó gbajúmọ̀, "Set citation alert" ni wọ́n kọ sí ti àkọ́kọ́, "Create citation alert" sì ni ti èkejì. Ẹ ní kí Scopus máa kọ̀wé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kì í ṣe lójoojúmọ́. Méjì tó. Ẹni tó bá so márùn-ún mọ́ra á gba ìròyìn kan náà lẹ́ẹ̀márùn-ún, kò sì ní í pẹ́ tí yóò fi dẹ́kun kíkà á.

ÌBÉÈRÈ: Google Scholar ní wọ́n ti tọ́ka sí àpilẹ̀kọ mi kan nígbà 41. Scopus ní 17. Web of Science ní 12. Èwo ni kí n gbà gbọ́, èwo ni kí n sì kọ sínú ìwé ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́? — Onímọ̀ kẹ́mísírì

ÌDÁHÙN: Kò sí èyí tó parọ́. Kì í ṣe agbọ̀n kan náà ni wọ́n ti ń kà.

Web of Science, tó wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Clarivate báyìí, ló jogún Science Citation Index tí Eugene Garfield gbé jáde ní Philadelphia ní 1964. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń ṣa jọ́nà yàn. Jọ́nà tí wọn kò bá yàn, ìtọ́kasí inú rẹ̀ kò wọ iye náà. (Ẹni tó bá rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ló bí ìfitónilétí ìtọ́kasí kò tíì gbọ́ nípa ASCA: láti 1965 ni ilé-iṣẹ́ Garfield ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ àkójọ sórí bébà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí olùwádìí tó sanwó rẹ̀.) Scopus, ti Elsevier, bẹ̀rẹ̀ ní 2004. Òun náà ń ṣàyàn, àmọ́ jọ́nà tó gbà wọlé pọ̀ ju ti àkójọ pàtàkì Web of Science lọ. Google Scholar, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kan náà, kì í ṣàyàn. Ohunkóhun tó bá ti jọ iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé ló ń kà: ìwé àṣekágbá oyè, ìwé àpérò, orí kan nínú ìwé, àti iṣẹ́ tí jọ́nà kankan kò tíì yẹ̀ wò.

Nítorí náà, ẹ ṣí 41 yẹn kí ẹ tó gbé e sórí ìwé. Ẹ wò ó bóyá àpilẹ̀kọ kan wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹ̀dà àkọ́kọ́ àti ẹ̀dà tí jọ́nà tẹ̀. Ẹ ka iye tí ẹ̀yin àti àwọn tí ẹ jọ kọ̀wé fúnra yín tọ́ka sí. Kò sí ohun tó burú nínú títọ́ka sí iṣẹ́ ara ẹni, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ á bèèrè.

Nínú ìwé ìgbéga, ẹ kọ iye náà pẹ̀lú orúkọ ibi tí ẹ ti mú un àti ọjọ́ tí ẹ wò ó. Ẹ má fi iye Google Scholar lẹ́gbẹ̀ẹ́ h-index tí ẹ mú láti Scopus. H-index tí Jorge Hirsch dá sílẹ̀ ní 2005 kò ju kíkà lọ: bí ó bá jẹ́ 5, àpilẹ̀kọ yín márùn-ún ni wọ́n ti tọ́ka sí ó kéré tán nígbà márùn-ún níkọ̀ọ̀kan. Bí agbọ̀n bá yí padà, òun náà á yí padà.

ÌBÉÈRÈ: Mo ní ẹ̀dà àpilẹ̀kọ kan lọ́wọ́. Iṣẹ́ mi wà níbẹ̀, ìtọ́kasí kẹtàlélógún ni, mo fojú ara mi rí i. Oṣù márùn-ún rèé, kò sí ibi kankan tí wọ́n kà á sí. Kí ló dé? — Akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ ká wá ibi tí okùn ti já. Ẹ mú DOI àpilẹ̀kọ tó tọ́ka sí yín, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ àpilẹ̀kọ, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10. Ẹ kọ api.crossref.org/works/ sínú àpótí àdírẹ́sì burausa yín, kí ẹ lẹ DOI náà mọ́ ìdí rẹ̀ láìfi àyè sílẹ̀. Ojú-ìwé tó kún fún ọ̀rọ̀ wúruwùru ló máa jáde. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ fi Ctrl àti F wá "reference" tó ní àkójọ níwájú.

Bí kò bá sí níbẹ̀, ilé ìtẹ̀wé náà kò fi àkójọ ìwé rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Crossref, àjọ tó ń forúkọ DOI sílẹ̀ fún àwọn ilé ìtẹ̀wé. Láti 2022 ni gbogbo àkójọ tí wọ́n bá fi síbẹ̀ ti di ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò fi sílẹ̀ kò fi sílẹ̀. Olóòtú jọ́nà yẹn ni kí ẹ kọ̀wé sí. Bí àkójọ bá wà tí ìtọ́kasí kẹtàlélógún náà sì ní "DOI" tiyín, Crossref ti ṣe tirẹ̀. Àwọn tó ń kó dátà rẹ̀ ni kò tíì dé ibẹ̀. Ẹ ní sùúrù. Bí ọ̀rọ̀ lásán ló wà níbẹ̀ láìsí DOI, tàbí tí DOI ibẹ̀ kì í ṣe tiyín, a ti mú olè nìyẹn.

Ẹ wá fi ìtọ́kasí náà wé iṣẹ́ yín lẹ́tà sí lẹ́tà. Àṣìṣe kì í ṣe ti orúkọ nìkan. Ọdún lè yàtọ̀, nígbà tí àpilẹ̀kọ bá jáde lórí ayélujára lọ́dún kan tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìdìpọ̀ lọ́dún kejì. Ẹ tún wo nọ́ńbà ìdìpọ̀ àti ti ojú-ìwé. Lẹ́yìn èyí ni DOI tí wọ́n dà rú: àmì ìdánudúró ìparí gbólóhùn tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, àyè tó wọ àárín rẹ̀ níbi tí ìlà ti gé, àti òdo tó di lẹ́tà O.

Orúkọ tó ní àmì tún ní wàhálà tirẹ̀. Kò sí kóòdù kan ṣoṣo fún ẹ́ nínú Unicode, ètò kóòdù tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà. Ẹnìkan lè fi ẹ (U+1EB9) àti àmì òkè (U+0301) kọ ọ́, ẹlòmíràn á fi é (U+00E9) àti àmì ìsàlẹ̀ (U+0323) kọ ọ́. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, sọ́fúwià tó bá kọ́kọ́ tún wọn tò á sì gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Èyí tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ á kà wọ́n sí méjì. Àwọn kan tiẹ̀ ń lo ìlà kékeré ìsàlẹ̀ (U+0329) dípò àmì yẹn, kò sì sí àtúntò tó lè sọ ìyẹn di ọ̀kan náà pẹ̀lú tòótọ́. Àṣìṣe orúkọ nìkan kì í sábà ba ìtọ́kasí jẹ́ tí àkọlé, ọdún àti ojú-ìwé bá pé. Bó bá bá àṣìṣe mìíràn pàdé ni wàhálà dé. Ẹ yan ọ̀nà kan tí ẹ ó máa gbà kọ orúkọ yín, ẹ má ṣe yí i padà láti jọ́nà kan sí òmíràn, kí ẹ sì kó àwọn ọ̀nà yòókù sínú àyè "Also known as" ní ORCID, ìkànnì tó ń fún olùwádìí ní nọ́ńbà ìdánimọ̀.

Ohun kan tún kù: ṣé iṣẹ́ yín gan-an ni wọ́n tọ́ka sí, àbí ẹ̀dà tí ẹ gbé sórí ayélujára kí jọ́nà tó gbà á? DOI méjèèjì yàtọ̀. Àwọn kan á pa wọ́n pọ̀, àwọn kan á pín iye yín sí méjì.

Scopus ní fọ́ọ̀mù fún ìtọ́kasí tó sọnù lójú-ìwé ìrànwọ́ wọn. Web of Science ní líǹkì "Suggest a correction". Ẹ fi ẹ̀dà PDF ojú-ìwé tí iṣẹ́ yín wà ránṣẹ́, kí ẹ fi àmì sí ìlà náà. Ti Google Scholar kò rí bẹ́ẹ̀: iye tó ń kà kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fọwọ́ tún ṣe. Orí ìkànnì tó gbé àpilẹ̀kọ náà ni àtúnṣe ti gbọ́dọ̀ wáyé, Google á sì padà lọ kà á. Iṣẹ́ tuntun ń wọlé nígbà mélòó kan lọ́sẹ̀, àmọ́ àtúnṣe sí ohun tó ti wà níbẹ̀ sábà máa ń gba oṣù 6 sí 9, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti ní ORCID láti ìgbà pípẹ́, síbẹ̀ n kò rí ìfitónilétí ìtọ́kasí kan gbà rí. — Oníṣègùn

ÌDÁHÙN: Ẹ kò ní í rí i gbà láé, kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. ORCID, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012, ń fún yín ní nọ́ńbà 16 tí yóò yà yín sọ́tọ̀ lára ẹni tó ń jórúkọ yín. Kì í ka ìtọ́kasí. Ṣùgbọ́n ẹ má pa á tì: òun ló ń jẹ́ kí àwọn tó ń kà á mọ̀ pé àpilẹ̀kọ méjì tí orúkọ wọn yàtọ̀ díẹ̀ jẹ́ ti ẹnìkan. Ẹ fún Crossref láyè láti máa fi iṣẹ́ tuntun kún un fúnra rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ímeèlì kan wọlé: "A kí yín kú oríire, wọ́n ti tọ́ka sí àpilẹ̀kọ yín." Ó ní kí n tẹ líǹkì kan kí n tó lè rí ẹni tó tọ́ka sí mi. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́? — Olùwádìí nípa ewéko

ÌDÁHÙN: Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ìfitónilétí tòótọ́ máa ń sọ ìròyìn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: àkọlé àpilẹ̀kọ tuntun, àwọn tó kọ ọ́, jọ́nà rẹ̀. Èyí tó bá ń fi ìròyìn pamọ́, ohun kan ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín.

Irú mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ń wá páswọ̀ọ̀dù: líǹkì rẹ̀ á gbé yín lọ sójú-ìwé tó jọ ti yunifásítì yín. Èkejì jẹ́ jọ́nà ajẹnirun, èyí tó ń gbowó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé láìyẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò dáadáa. Á yin iṣẹ́ yín, á dárúkọ àkọlé rẹ̀ gan-an, ìpínrọ̀ kejì á sì ní kí ẹ fi àpilẹ̀kọ tuntun ránṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹ̀kẹta kì í ṣe olè, àmọ́ ó ń dani láàmú. Ìkànnì kan rí orúkọ tó jọ tiyín nínú ìwé kan, ó ní wọ́n "dárúkọ yín", ó sì ní kí ẹ sanwó kí ẹ tó rí i. Dídárúkọ kì í ṣe ìtọ́kasí. Ẹni náà sì lè má jẹ́ ẹ̀yin rárá.

Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ fi ímeèlì náà sílẹ̀, ẹ ṣí Google Scholar fúnra yín, kí ẹ tẹ "Cited by". Bí ó bá ti sọ àkọlé iṣẹ́ tó tọ́ka sí yín, ẹ wá àkọlé náà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìtọ́kasí tòótọ́ kì í sá lọ.

ÌBÉÈRÈ: Èmi ni mo tọ́ka sí àwọn ènìyàn ní tèmi. Ṣé ó bójú mu kí n kọ̀wé sí wọn? Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má baà rò pé mò ń wá ojúure. — Akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì

ÌDÁHÙN: Ó bójú mu púpọ̀, inú ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń dùn sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni 60 tó wà nínú àkójọ yín ni ẹ ó kọ̀wé sí. Ẹni tí ẹ lo dátà rẹ̀, ẹni tí ẹ tẹ̀ lé ọ̀nà ìwádìí rẹ̀, ẹni tí èsì yín ta ko tirẹ̀: àwọn wọ̀nyí ni. Wọn kò sábà ju mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Ẹni tí èsì yín ta ko tirẹ̀ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí, kó má baà jẹ́ pé ẹnu ẹlòmíràn ni yóò ti gbọ́ ọ.

Ẹ dúró kí àpilẹ̀kọ náà jáde pẹ̀lú DOI rẹ̀ kí ẹ tó kọ ọ́. Ìlà márùn-ún tó: ẹni tí ẹ jẹ́, àkọlé iṣẹ́ rẹ̀ tí ẹ lò, ohun tí ẹ fi ṣe àti abala tó wà, líǹkì DOI, àti ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́. Bí ènìyàn bá gbọ́dọ̀ sanwó kó tó kà á, ẹ so ẹ̀dà tí jọ́nà yín gbà kí ẹ máa pín mọ́ ọn.

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ kọ síbẹ̀ ni pé kí òun náà tọ́ka sí yín. Pàṣípààrọ̀ ìtọ́kasí nìyẹn, ojú ìwà àbòsí ni àwọn olóòtú sì fi ń wò ó. Bí onítọ̀hún kò bá dáhùn, ẹ má kọ òmíràn.

ÌBÉÈRÈ: Jọ́nà kékeré kan ni à ń bójú tó, OJS, sọ́fúwià ìtẹ̀jáde jọ́nà, ni à ń lò. A fẹ́ máa sọ fún àwọn òǹkọ̀wé wa nígbàkúgbà tí wọ́n bá tọ́ka sí iṣẹ́ wọn. A ní ẹnìkan tó mọ kóòdù kọ díẹ̀. Báwo la ṣe máa ṣe é? — Olóòtú jọ́nà

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ́kọ́ wo ilé tiyín. Ṣé gbogbo àpilẹ̀kọ yín ló ní DOI? Ṣé PDF kọ̀ọ̀kan kò ju 5 MB lọ? Google Scholar kì í gba èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlànà wọn tún ní kí àkójọ ìwé ní àkọlé tó wọ́pọ̀ bíi "References" tàbí "Bibliography", kó dá dúró lórí ìlà tirẹ̀, kí ìtọ́kasí kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà. Jọ́nà tó bá ń fi èdè tirẹ̀ kọ àkọlé yẹn lè kọ méjèèjì sórí àpilẹ̀kọ. Kò dùn mọ́ wa nínú, àmọ́ ẹ̀rọ ni à ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ tan àyè "References" nínú OJS, kí ìtọ́kasí kọ̀ọ̀kan wà lórí ìlà tirẹ̀, kí ẹ sì máa fi wọ́n ránṣẹ́ sí Crossref pẹ̀lú DOI àpilẹ̀kọ. Èyí kì í ṣe àǹfààní tiyín nìkan: àwọn tí ẹ tọ́ka sí náà á lè gbọ́. Crossref ní ojú-ìwé ọ̀fẹ́ kan, Simple Text Query: ẹ lẹ àkójọ ìwé síbẹ̀, yóò bá yín wá DOI wọn.

Ní ti ìfitónilétí gan-an, OpenAlex, àkójọ iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé kan lórí ayélujára, ló rọrùn jù fún ẹni tó bá mọ kóòdù kọ. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2022, kété lẹ́yìn tí Microsoft Academic, irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ti Microsoft, kógbá wọlé, dátà rẹ̀ sì wà fún ìlò gbogbo ayé. Kí ẹni yín ṣáà ka òfin nípa iye ìbéèrè tó lè ṣe lóòjọ́. Bí ó bá bèèrè api.openalex.org/works/doi: pẹ̀lú DOI yín, yóò rí nọ́ńbà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú W. Kó wá fi nọ́ńbà náà bèèrè works?filter=cites: kí gbogbo iṣẹ́ tó tọ́ka sí i lè jáde. Kó tọ́jú àkójọ yẹn. Lóṣù tó ń bọ̀, kó tún bèèrè, kó yọ èyí tó ti wà lára èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ohun tó kù ni ìròyìn.

Ibi méjì ni kóòdù yìí ti máa ń ṣe jàǹbá. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, àkójọ àtijọ́ kò tíì sí, nítorí náà gbogbo ìtọ́kasí láti ọdún dé ọdún ló máa jọ tuntun, àwọn òǹkọ̀wé á sì jí bá ogójì ímeèlì. Ẹ kọ́kọ́ lo kóòdù náà lẹ́ẹ̀kan láìfi ohunkóhun ránṣẹ́, kí ẹ kàn tọ́jú èsì rẹ̀. Èkejì ni kí ẹni tó kọ kóòdù fẹ́ fi ọjọ́ ìtẹ̀jáde yan èyí tó jẹ́ tuntun. Kò dára bẹ́ẹ̀: àpilẹ̀kọ tó jáde lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn lè ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú OpenAlex lónìí, ọjọ́ rẹ̀ á sì fi pamọ́. Àkójọ ni kí ẹ fi wé àkójọ.

Kí ímeèlì tó jáde, kí ènìyàn kan fojú wo ìròyìn náà, pàápàá nígbà tí ètò náà ṣì jẹ́ tuntun. Ẹ̀rọ máa ń so iṣẹ́ méjì tí àkọlé wọn jọra pọ̀. Ẹ kó gbogbo ìròyìn òǹkọ̀wé kan sínú ímeèlì kan lóṣù. Ẹ kọ àkọlé iṣẹ́ rẹ̀, àkọlé èyí tó tọ́ka sí i, àwọn tó kọ ọ́, jọ́nà, ọdún àti líǹkì DOI. Ẹ sì fi líǹkì tí yóò fi yọ ara rẹ̀ kúrò sí ìsàlẹ̀. Ẹ má pè é láti kọ àpilẹ̀kọ mìíràn fún yín nínú ímeèlì kan náà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ti jọ àwọn ajẹnirun tí a mẹ́nu bà lókè.

Àdírẹ́sì ni iṣẹ́ tó kù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ímeèlì ilé-ìwé ránṣẹ́ sí yín lè ti kúrò níbẹ̀. Ẹ máa gba ímeèlì gbogbo àwọn tó jọ kọ àpilẹ̀kọ, kì í ṣe ti ẹni tó fi í ránṣẹ́ nìkan, kí ẹ sì gba ìyọ̀ǹda wọn látìgbà ìfiránṣẹ́. Èyí tó bá dá padà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ dá a dúró. Kí ẹni tó ń bójú tó sáfà yín ṣètò SPF àti DKIM, ohun tó ń jẹ́rìí pé ọ̀dọ̀ yín ni ímeèlì ti wá lóòótọ́. Láìsí méjèèjì, fódà Spam ni iṣẹ́ ọwọ́ yín máa sùn sí.

ÌBÉÈRÈ: Ìfitónilétí dé, inú mi dùn, mo ṣí àpilẹ̀kọ náà. Ohun tí wọ́n ní mo sọ, n kò sọ ọ́. Òdìkejì rẹ̀ ni mo sọ! Kí ni ṣíṣe? — Onímọ̀ ọrọ̀ ajé

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìfitónilétí ń sọ pé wọ́n dárúkọ iṣẹ́ yín; kò lè sọ bóyá wọ́n lóye rẹ̀. Sọ́fúwià scite ń gbìyànjú láti pín ìtọ́kasí sí èyí tó ti iṣẹ́ lẹ́yìn, èyí tó ta kò ó, àti èyí tó kàn mẹ́nu bà á, àmọ́ òun náà kì í mọ irọ́ yàtọ̀ sí òótọ́.

Ẹ yà á sọ́tọ̀ ná: ṣé wọ́n yí ọ̀rọ̀ yín padà ni, àbí wọ́n kàn túmọ̀ èsì yín lọ́nà tí kò tẹ́ yín lọ́rùn? Ẹ̀tọ́ wọn ni èkejì. Bí ó bá jẹ́ àkọ́kọ́, ẹ kọ gbólóhùn tiwọn pẹ̀lú ojú-ìwé rẹ̀, kí ẹ kọ tiyín sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ojú-ìwé tirẹ̀, láìsí ọ̀rọ̀ ìbínú. Ẹni tí wọ́n fi ímeèlì rẹ̀ sórí àpilẹ̀kọ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́ sí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó máa ń jẹ́ pé inú ìwé ẹlòmíràn ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ náà, tí wọn kò ṣí tiyín rárá. Ẹ bi wọ́n ibi tí wọ́n ti rí i, nítorí orísun yẹn lè ti ran àwọn mìíràn.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀dà tí jọ́nà kò tíì tẹ̀ ni, wọ́n lè tètè gbé ẹ̀dà tuntun síbẹ̀. Bí jọ́nà bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ tó kọ̀wé sí olóòtú pẹ̀lú gbólóhùn méjèèjì yẹn kan náà. Àtúnṣe ni kí ẹ bèèrè fún, tí yóò ní DOI tirẹ̀ tí yóò sì so mọ́ àpilẹ̀kọ náà. Ẹ má bèèrè pé kí wọ́n fa àpilẹ̀kọ yọ nítorí ìlà kan. Bí olóòtú bá kọ̀, ẹ bi í bóyá jọ́nà náà ń gba lẹ́tà sí olóòtú. Lẹ́tà yín á di ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde, yóò tọ́ka sí àpilẹ̀kọ wọn, àwọn náà á sì rí ìfitónilétí gbà.